Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé ìtọ́jú àgbà, ẹ lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú

Kí n tó dé Ìlú Ọba, tíṣà ni mí ní Ọ̀yọ́. Ní báyìí, ilé ìtọ́jú àgbà kan ní àríwá England ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe jù. Nígbà kan, àwọn ará ilé ló máa ń pè mí, wọ́n á ní kí n ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń rí iṣẹ́ náà. Àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ níbí ló wá ń pè báyìí. Àwọn òbí wọn tó wá kàwé láyé ọjọ́un, tí wọ́n ṣe nọ́ọ̀sì, tí wọ́n wa bọ́ọ̀sì ní London, tí wọ́n ṣe akọ̀wé ní káńsù, ti darúgbó. Iyè àwọn mìíràn ti ń rá. Àwọn mìíràn ṣubú, egungun ìbàdí ṣẹ́, ilé ìwòsàn sì ní wọn kò lè dá gbé mọ́. Àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ilé há, àtẹ̀gùn ga. Ilé ìtọ́jú ló kù.

Ìtìjú máa ń wà nínú ohùn wọn tí wọ́n bá ń bi mí. N kì í dá sí ti ìtìjú. Ẹni tó ti gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìgbẹ́ ní aago mẹ́ta òru, tó tún jáde lọ síṣẹ́ ní aago mẹ́fà, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ nípa ìfẹ́ òbí. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tó ń lọ nínú ilé yẹn nígbà tí ọmọ kò sí níbẹ̀, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ.

Ohun tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi ni ìpele tí CQC fún ilé náà. CQC ni àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò ní England láti ọdún 2009. Ìpele mẹ́rin ló wà: Outstanding ló ga jù, Good tẹ̀lé e, Requires improvement tẹ̀lé ìyẹn, Inadequate ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó dára kí ẹ ka ìròyìn wọn, pàápàá apá tó sọ̀rọ̀ nípa ewu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ tó wo ìpele. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Dókítà Penny Dash tí ìjọba ní kó wo iṣẹ́ àjọ náà sọ pé nínú ibi márùn-ún tí CQC lágbára láti yẹ̀ wò, ọ̀kan kò tíì gba ìpele kankan rí. Wes Streeting, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ ní gbangba pé àjọ náà kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ilé tó gba Good lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn lè ti pààrọ̀ máníjà lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà náà, máníjà ló sì ń mú ilé tòrò tàbí tó ń dà á rú. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ilé náà ni pé: ìgbà wo ni máníjà yín dé?

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ilé tí kì í dára. Máníjà wà ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń bá àwọn àgbà ṣeré wà ní gbọ̀ngàn, tíì àti kéèkì wà lórí tábìlì. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ti ọ́fíìsì, ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ lè jẹ́ àwọn tí agency, iléeṣẹ́ tó ń yá ilé ìtọ́jú ní òṣìṣẹ́, rán wá tí wọn kò mọ orúkọ ẹnì kankan, àsìkò náà sì ni gbogbo àgbà fẹ́ wọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ẹ gbọ́ agogo ìpè, kí ẹ wò ó bí ẹnì kan bá dìde nígbà tó dún. Ẹ yọjú sí yàrá bí wọ́n bá gbà fún yín: ṣé ife omi wà níbi tí ọwọ́ arúgbó lè dé, àbí ó wà lórí fèrèsé ní òdìkejì yàrá? Ṣé okùn agogo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àbí wọ́n ti fi kọ́ ara ògiri? Mo ti rí agogo tí wọ́n ká okùn rẹ̀ sókè kí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì má baà máa pe èèyàn. Òórùn ìtọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àgbà ni wọ́n. Òórùn tó ti wọ kápẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ sá fún.

Ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lóru. Kò sí òfin ní England tó dárúkọ iye olùtọ́jú tó gbọ́dọ̀ wà fún iye àgbà kan. Ohun tí ìlànà ìjọba ti ọdún 2014 sọ ni pé kí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ “tó”. Ilé tó bá ń ṣe ìtọ́jú nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n iye àwa olùtọ́jú tó wà pẹ̀lú rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé ó wà lọ́wọ́ bí àìní bá ṣe rí, ẹ ní iye ti òní yìí ni ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá jẹ́ méjì fún àgbà 31, tí ìdajì wọn kò lè yí ara wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ yí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí àwa méjèèjì bá wà nínú yàrá kan, kò sí ẹnì kankan lọ́dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni màmá tó fẹ́ tọ̀, tó tẹ agogo tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ti máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tí á sì ṣubú.

Ara yíyí yẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ egbò. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sójú kan pẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í dé awọ tó wà láàárín egungun àti bẹ́ẹ̀dì, awọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ ló ń kọ́kọ́ kàn. Àmọ̀ràn NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú aláìsàn ní England, ni pé kí ẹni tó wà nínú ewu yí padà ó kéré tán ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹni tí ewu tirẹ̀ ga gan-an sì yí padà ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ní ilé tí mo wà, ti àwọn mìíràn jẹ́ wákàtí méjì-méjì.

Ohun tó kan àwa aláwọ̀ dúdú rèé, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé ká máa wá ibi tó bá pọ́n, ká fi ìka tẹ̀ ẹ́, bí pípọ́n náà kò bá lọ, egbò ti ń bọ̀. Lára òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni. Lára wa, pípọ́n náà lè má hàn rárá. Ní ilé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, “awọ rẹ̀ pé” ni wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ sí ìwé bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, títí awọ ìdí bàbá náà fi là, tí egbò náà sì ti jinlẹ̀ dé egungun. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Awọ tó bá ń kú lábẹ́ ara dúdú máa ń rí bíi mángòrò tó ti fara pa nínú: ojú rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ṣé ó gbóná ju ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, àbí ó tutù jù ú lọ? Ṣé ó le, àbí ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ? Ṣé dúdú ibẹ̀ ti jìn ju ti ibi yòókù lọ? Ṣé ẹni náà ń fa ara sẹ́yìn tí ẹ bá kàn án? Bí òbí yín bá gbà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń sùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì tó ń fa afẹ́fẹ́, ẹ wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ̀n ara ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣètò ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo ti rí i tí wọ́n fi í sí ìwọ̀n ọkùnrin tó sanra fún màmá tó gbẹ tínrín, mátírẹ́ẹ̀sì náà le gbandi.

Èdè náà wà lára ohun tó ń dáàbò bo èèyàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí dementia, àrùn tó ń mú kí iyè rá, bá mú máa ń padà sí èdè tí wọ́n fi ṣèwe. Màmá kan wà ní ilé kan tí agency rán mi lọ, ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Ohun tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀ ni pé oníjà ni, pé ó ń pariwo, ó sì ń lu òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn fọ ẹsẹ̀. Ohun tó ń pariwo rẹ̀ ni pé, “Ẹ rọra, ìbàdí ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.” Ó ti ń sọ ọ́ láti oṣù mélòó kan, kò sí ẹni tó gbọ́. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n pe dókítà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn ìrora kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Ariwo náà kò parí, ṣùgbọ́n ó dín kù débi pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè bá a ṣe é.

Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti ń gbìmọ̀ láti ní kí dókítà fún un ní oògùn tó máa mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo irú oògùn yẹn. Ọdún 2009 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sube Banerjee sọ fún ìjọba pé nǹkan bí 180,000 ẹni tó ní dementia ló ń lo oògùn antipsychotic lọ́dún ní UK, àti pé nǹkan bí 1,800 èèyàn ló ń bá a kú lọ́dún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dín in kù, ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Bí màmá yín tó máa ń tàkúrọ̀sọ bá ń sùn láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìpẹ́ sí ìgbà tó wọlé, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n fi kún tirẹ̀, ta ló kọ ọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n máa tún un wò. Kí ẹ sì tó gbé e wọlé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì: omi, mo fẹ́ tọ̀, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, ẹ rọra. Ẹ kọ ìtumọ̀ sí i, kí ẹ sì kọ bí òyìnbó á ṣe pè é. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù fún wọn pàápàá. Bí màmá kò bá fẹ́ kí ọkùnrin wẹ òun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu lásán.

Oúnjẹ ni ibi tí ìfẹ́ àwa ẹbí ti máa ń gbé ewu wọlé. Mo ti rí ọmọ tó gbé àmàlà àti ewédú wá nínú kúlà, tayọ̀tayọ̀, fún ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní IDDSI, láti 0 dé 7, òun ni wọ́n fi ń sọ bí omi ẹnì kan ṣe gbọ́dọ̀ ki tó àti bí oúnjẹ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ tó. Ẹni tó bá wà ní ìpele 4, oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúnná, kò sì gbọ́dọ̀ lẹ̀. Àmàlà ń lẹ̀, ewédú sì ń yọ̀, á ti sáré kọjá kí ọ̀fun tó múra sílẹ̀. Èyí tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ ló ń di àìsàn tó ń pa wọ́n. Síbẹ̀, n kò ní kí màmá máa jẹ ànàmọ́ òyìnbó gígún láràárọ̀ títí yóò fi rù tán. Ẹ ní kí wọ́n pe onímọ̀ tó ń wo ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ sì bá a jókòó. Gbẹ̀gìrì tí wọ́n bo ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa kúnná. Ògì, ẹ lè sè é kó ki bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ẹ mú un wá kó fi ṣíbí dán an wò. Kí ẹ sì máa béèrè ìwọ̀n ara rẹ̀ lóṣooṣù, nọ́ńbà gan-an ni kí wọ́n sọ fún yín, kì í ṣe “ó ń jẹun dáadáa”.

Nǹkan kéékèèké tún wà. Ẹ̀rọ hoist tí a fi ń gbé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni òfin ní kí amọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì máa ń lẹ ìwé ọjọ́ náà mọ́ ọn lára. Ẹ kà á. Omi ìwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 44°C lọ.

Ó wá ku àwa òṣìṣẹ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so sí. Oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba Ìlú Ọba ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ tàbí ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun. Àwa tó wọlé láàárín ìgbà yẹn, ìwé wa so mọ́ ilé tó gbà wá síṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, 60 ọjọ́ ló sábà máa ń wà fún èèyàn láti rí ilé mìíràn tó lè fún un ní sponsorship, ìyẹn ìgbọ̀wọ́ fún físà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó palẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì jẹ gbèsè tàbí ta ilẹ̀ kí wọ́n tó san owó fún àwọn alágbàtà físà, owó tí ẹnì kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà lọ́wọ́ wọn.

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn. A ní ìwé kan tí a fi ń kọ aago tí a yí ẹnì kọ̀ọ̀kan padà. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ti bàbá, wọ́n ti fọwọ́ sí i títí dé aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Nàìjíríà ló fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ìkà. Ó ní, “Àǹtí, tí mo bá fi àyè sílẹ̀, wọ́n á ní mi ò ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ bàbá mi ni mo tà wá.” Àwa méjì náà la wà lóru yẹn. Nígbà tí mo gbé e lọ bá máníjà, ó pe ìpàdé, ó ní kí ẹni tó bá ń ráhùn rántí ẹni tó fún un ní ìwé ìgbélùú. Mo pe ẹ̀ka káńsù tó ń dáàbò bo àgbà. Òfin Care Act ti ọdún 2014 ló di dandan fún káńsù láti wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wá. Bàbá kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi náà wá ilé mìíràn. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá tú àṣírí wà láti ọdún 1998, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ máa ń pẹ́ ju 60 ọjọ́ lọ fíìfíì. Ẹni tó ṣe òfin físà yìí ti fi arúgbó sínú ewu, ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, torí ẹni tó rí egbò ni wọ́n fi físà di lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìyípadà òbí yín hàn yín. Bí ẹ bá rí i pé aago méjì géérégé, aago mẹ́rin géérégé, aago mẹ́fà géérégé ló wà níbẹ̀ lóròòru, láìsí àyè kankan tó ṣófo, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìbéèrè. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé tó jẹ́ òótọ́ máa ń ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá díẹ̀, “ó kọ̀, ó ní òun ń sùn”. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí máníjà, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò egbò, ẹ pe káńsù. Ẹ má dúró de àbẹ̀wò CQC.

Ní ilé tí mo wà báyìí, ẹnì kan ṣubú lóru ọjọ́ kan, a wà pẹ̀lú rẹ̀ títí áńbúláǹsì fi dé. Àwọn tó yẹ ká yí padà ní aago méjì, a kò rí wọn yí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn: a kò ṣe é, àwa méjì la wà fún àgbà 31, a wà ní yàrá ẹni tó ṣubú. Ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀ mí kí n má kọ ọ́. Nígbà tí máníjà dé láàárọ̀, ó ní kí n jókòó, ó kà á tán, ó ní kí gbogbo àwa oníṣẹ́ òru máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí òun á fi sọ pé ó tó. Ó kó àwọn ìwé náà lọ bá àwọn tó ni ilé. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí, wọ́n ti fi ẹnì kẹta kún wa lóru.